Orí Kẹfà: Ìbọn Ni Kí Ẹ Wọ̀n

Ẹ mú ṣọ́jà oníke méjì tí wọ́n kọ 54mm sí ara páálí wọn, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n, kí ẹ gbé wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ó wọ́pọ̀ kí àtàrí ọ̀kan má kọjá imú èkejì. Ìbọn tọ̀hún á ki pọ́pọ́, ti èyí á rí tín-ín-rín. Ọmọdé tó ń fi wọ́n jagun nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá ga jù ni yóò fi jẹ ọ̀gágun, ó parí. Àgbàlagbà tó fi owó gidi rà wọ́n, tó fẹ́ to ogun Waterloo sínú yàrá rẹ̀, òun ni inú máa ń bí. Á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ méjèèjì má parọ́ kankan. Ohun tí nọ́ńbà ara páálí yẹn ń sọ kì í ṣe ohun tí ẹni tó rà á lérò.

Nǹkan méjì ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ níbí. Ọ̀kan ni ìdá: 1/32 ń sọ pé ohunkóhun tó gùn ní mìlímítà 32 láyé gidi yóò di mìlímítà 1 lára ohun ìṣeré. Ìbọn, bàtà, ẹṣin, ilé, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Èkejì ni gíga: 54mm ń sọ pé láti àtẹ́lẹsẹ̀ ṣọ́jà yìí dé orí rẹ̀, mìlímítà 54 ni. Kò sọ nǹkan kan nípa ìbọn, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹṣin. Tí ẹ bá mú ọkùnrin tó ga ní mítà 1.73, tí ẹ pín gíga rẹ̀ sí 32, ẹ óò rí 54 gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń lo méjèèjì bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ní gbogbo ṣọ́jà ló ga ní mítà 1.73?

Frederick William Kìíní, ọba Prussia tó kú ní 1740, fẹ́ràn ọkùnrin gíga ju ohun gbogbo lọ. Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ní Potsdam tí ẹni tí kò bá ga tó nǹkan bíi mítà 1.88 kì í wọ̀. Ó ń fi owó ra àwọn òmìrán láti ìlú onílùú, ó tiẹ̀ ń jí àwọn mìíràn gbé. Ní 1804, Napoleon ti ilẹ̀ Faransé ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ voltigeur sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì ga ju nǹkan bíi mítà 1.60 lọ kò ní àyè níbẹ̀. Ó fẹ́ àwọn kúkúrú tí ara wọn yá, tí wọ́n á lè fò jókòó sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin nígbà tí ogun bá le. (Àbá ẹ̀yìn ẹṣin yẹn kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kúkúrú náà ṣe bẹbẹ lójú ogun.)

Ẹ wá dín àwọn méjèèjì kù sí 1/32. Voltigeur tó ga dé ojú ààlà òfin yóò jẹ́ mìlímítà 50, òmìrán Potsdam yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 59. Mìlímítà mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Tí ilé iṣẹ́ bá wá sọ pé gbogbo ṣọ́jà òun gbọ́dọ̀ jẹ́ 54mm, tó sì ṣe àwọn méjì yìí ní gíga kan náà, a jẹ́ pé ó ti ṣe voltigeur ní ìwọ̀n 1/30, ó sì ti ṣe òmìrán ní ìwọ̀n 1/35 nínú páálí kan náà. Ibi tí gíga wọn ti dọ́gba gan-an ni ìwọ̀n wọn ti yàtọ̀.

Nọ́ńbà 54 fúnra rẹ̀, ojú irin ló ti wá. Ní 1893, ilé iṣẹ́ William Britain ní Lọ́ndọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣọ́jà òjé oníhò. Wọ́n á da òjé yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á jẹ́ kó gan díẹ̀ lára irin, wọ́n á sì tètè da èyí tí kò tíì gan nù kúrò láàárín. Ṣọ́jà náà á fúyẹ́, òjé á ṣẹ́kù, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ ju ti àwọn ará Jámánì tí ọjà náà wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ṣọ́jà yìí bá rélùwéè ìṣeré tó wà lóde nígbà náà mu, ìyẹn Gauge 1, tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 45. Ojú irin gidi ní ilẹ̀ Britain fẹ̀ ní mìlímítà 1,435. Ẹ pín in: 31.9. Ibẹ̀ ni 1/32 ti jáde. Irú ṣọ́jà wọ̀nyí ni òǹkọ̀wé H. G. Wells ń tò sílẹ̀ nígbà tó kọ ìwé Little Wars ní 1913, tó fi òfin lélẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ fi ohun ìṣeré jagun. Britains, ìyẹn ilé iṣẹ́ William Britain yẹn náà, dá iṣẹ́ òjé dúró ní 1966, nítorí májèlé ni òjé jẹ́ fún ọmọdé, ike sì gba ipò rẹ̀. Òjé lọ, 54 ṣì wà.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà o. Àwọn ará Nuremberg ní Jámánì ti ń ṣe ṣọ́jà tánńganran pẹlẹbẹ tó ga ní nǹkan bíi mìlímítà 30 kí Britains tó dé. Àwọn tó ń ṣe ṣọ́jà Elastolin, ní Jámánì náà, ṣe oní sẹ̀ǹtímítà 7, wọ́n tún ṣe oní 4. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Louis Marx gbé odi Fort Apache jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú ṣọ́jà àti àwọn Indian ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú páálí kan. 60mm ni àwọn èèyàn inú rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n sún wálẹ̀ sí 54. Ẹni tó bá ń ra àlòkù lónìí, orúkọ kan náà ni yóò rí lára páálí méjèèjì.

Ti àwọn kéékèèké ló burú jù. Airfix, ilé iṣẹ́ England tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní 1939, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣọ́jà oníke pínníṣín ní 1959, wọ́n sì kọ HO àti OO pọ̀ sí ara páálí. Ìwọ̀n méjì lórí ọjà kan! HO jẹ́ 1/87, OO jẹ́ 1/76. Ọkùnrin wa oní mítà 1.73 yóò jẹ́ mìlímítà 20 nínú ti àkọ́kọ́, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23 nínú ti èkejì. Ṣọ́jà kan ò lè jẹ́ méjèèjì. Rélùwéè náà ló tún dá èyí sílẹ̀. Ojú irin HO fẹ̀ ní mìlímítà 16.5, ó sì tọ́ sí 1/87. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rélùwéè ilẹ̀ Britain kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù yòókù, mọ́tò iná mànàmáná ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ò sì gbà sínú wọn ní ìwọ̀n 1/87. Àwọn ará Britain bá fẹ ara ọkọ̀ sí 1/76, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Títí dòní, rélùwéè OO ń sáré lórí ojú irin tó há mọ́ ọn. Airfix ò fẹ́ pàdánù oníbàárà HO, kò fẹ́ pàdánù ti OO, ó bá kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, 1/72 wá gbòde, ìyẹn ìwọ̀n àwọn tó ń to bàlúù oníke, níbi tí íǹṣì kan ti dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 1/72 sára páálí àwọn ṣọ́jà àtijọ́ náà. Mọ́ọ̀dù ò yí padà, ṣọ́jà ò ga sí i. Lébẹ́ẹ̀lì nìkan ló lọ gba oyè tuntun.

Ti Japan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Tamiya ṣe táńkì ogun Panther ti àwọn ará Jámánì gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bátìrì méjì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, bí inú táńkì náà ṣe máa gba bátìrì yẹn ni wọ́n fi pinnu títóbi rẹ̀. Ó tà wàràwàrà. Nígbà tí Shunsaku Tamiya fẹ́ ṣe táńkì orílẹ̀-èdè mìíràn tó máa bá a dọ́gba, ó mú èyí tí wọ́n ti ṣe, ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ó tó nǹkan bíi 1/35. Bí 1/35 ṣe di ìwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń ṣe ọkọ̀ ogun oníke nìyẹn, pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà tó ń dúró tì í. Bátìrì ló yan gíga èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí náà nìyẹn nínú àpò ṣọ́jà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, tí ẹ óò rí ní ọjà láti Lọ́ndọ̀nù títí dé Balógun ní Èkó. Táńkì Sherman gidi gùn tó nǹkan bíi mítà 5.8, nítorí náà ó yẹ kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́jà 1/32. Èyí tó wà nínú àpò yẹn sábà máa ń kéré débi pé awakọ̀ rẹ̀ ò ní lè ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Àpò ló pinnu ìwọ̀n rẹ̀.

Ká tiẹ̀ sọ pé gbogbo ilé iṣẹ́ fẹnu kò lórí gíga kan, ibo ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ibo ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n dé? Ọmọ ogun Napoleon dé fìlà gíga tó lè fi mìlímítà méje tàbí mẹ́jọ kún ṣọ́jà 54mm. Ẹlòmíràn tẹrí ba, ó ń yìnbọn. Ẹlòmíràn kúnlẹ̀. Àwọn kan ń ka ike pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ dúró lé mọ́ gíga rẹ̀, àwọn kan kì í kà á. Nítorí fìlà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ṣọ́jà kéékèèké ṣe eré ogun fi gbà pé láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú ni kí á máa wọ̀n. Ó bọ́gbọ́n mu, torí fìlà kì í bo ojú. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà tó jẹ́ 28mm dé ojú á ti tó 30 dé àtàrí. Ẹni méjì lè kọ 28mm kí ṣọ́jà wọn má sì dọ́gba.

Ike alára kì í ṣe aláìṣẹ̀. Èyí tó rọ̀, tó ń tẹ̀ tí kì í kán, ni polyethylene. Òun ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ jù nínú ṣọ́jà oníke. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin, bó bá sì ṣe ń tutù ni yóò máa sún kì. Ó lè sún tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Polystyrene, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe bàlúù tí à ń fi gúlúù lẹ̀, kì í sún tó ìdá kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti fẹ mọ́ọ̀dù rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí ojú ìwọ̀n. Àmọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ike tí wọn ò pààrọ̀ mọ́ọ̀dù, tàbí tí wọ́n yára yọ ṣọ́jà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná nítorí pé ọjà ń tà, ọmọ mọ́ọ̀dù kan náà ò ní ga bákan náà.

Níbi tí sísún yìí ti fi ara rẹ̀ hàn gbangba ni ọ̀dọ̀ àwọn adàwékọ. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Hong Kong á ra páálí ṣọ́jà Airfix tàbí Britains kan, wọ́n á fi ṣọ́jà inú rẹ̀ ṣe mọ́ọ̀dù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣọ́jà tó ti sún lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dù, ike tí wọ́n tì sínú rẹ̀ sì tún sún. Ẹlòmíràn á wá da ti adàwékọ yẹn kọ. Ká fi ìdá méjì ṣírò rẹ̀: 54 á di 52.9, 52.9 á di 51.9, èkẹta á di 50.8. Bí wọ́n ṣe ń kúrú sí i, ìka ọwọ́ á máa pòórá, bọ́tìnnì aṣọ á máa parẹ́, ojú á di pẹlẹbẹ. Ẹni tójú rẹ̀ là lè to àwọn adàwékọ yìí láti ìran dé ìran, kó sì mọ ẹni tó jí ti ta.

Ẹnì kan lè ní kí ni mìlímítà mẹ́fà já mọ́. Láàárín 54 àti 60, ìyàtọ̀ gíga jẹ́ ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ojú wa kì í wo gíga nìkan. Ẹni tó bá fi ìdá 11 ga sí i, tí ara rẹ̀ ò yí padà, á fi ìdá 11 fẹ̀ sí i, á fi ìdá 11 nípọn sí i. Ẹ fi 1.11 lọ́po 1.11, kí ẹ tún fi 1.11 lọ́po rẹ̀: ike tó wà lára oní 60mm fi ìdá 37 ju ti oní 54mm lọ. Ohun tí ojú ń rí nìyẹn, tí rúlà ò sọ. Láàárín 1/72 àti 1/76 pàápàá, tí gíga wọn ò fi ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ síra, ara ọ̀kan fi nǹkan bí ìdá 18 tóbi ju èkejì. Ẹ fi ọwọ́ gbé wọn, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lójú ìwọ̀n tún wà. Ṣọ́jà kéékèèké tí wọ́n fi ń ta ayò ogun bẹ̀rẹ̀ láti 20mm, ó gòkè sí 25, ó dé 28, àwọn kan ti kọjá 30. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ fẹ́ kí tiẹ̀ yọ díẹ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n tún ń fẹ orí àti ọwọ́ wọn, nítorí pé ẹni tó dúró sẹ́yìn tábìlì gbọ́dọ̀ lè rí ojú. Àwọn tó fẹ́ràn ìwọ̀n pípé máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é. Orí àgbàlagbà gidi kò ju bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú ère Yorùbá ó máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin, kì í sì í ṣe pé àwọn agbẹ́gilére wa ò mọ ìwọ̀n. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó kan fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, tó wà ní Art Institute ti Chicago báyìí: ọba jókòó, olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ga ré kọjá rẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì rí bíńtín. Ipò ni ó fi ń wọ̀n wọ́n. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbẹ́ àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn ní kékeré, ó fi pupa, dúdú àti funfun kùn wọ́n, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn òyìnbó náà ní Èkó. Orí ńlá ló gbé lé wọn lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi 1/32 mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kàn pòfo.

Àwọn tó ń gbèjà ṣọ́jà tí kò dọ́gba ní àwíjàre kan tó dùn létí: ọmọ ìka ò dọ́gba, èèyàn gidi pàápàá ò ga bákan náà, ẹ tò wọ́n pọ̀ jàre. Òótọ́ ni, Potsdam àti voltigeur ti fi hàn wá. Ṣùgbọ́n ìbọn ọwọ́ wọn ńkọ́? Ṣọ́jà gidi ò jáde láti mọ́ọ̀dù kan. Ìbọn ló jáde láti ilé iṣẹ́, ní ìwọ̀n kan. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ga àti èyí tó kúrú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn M1 Garand kan náà ni wọ́n gbé, mìlímítà 1,107 láti ìdí dé ẹnu. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó fi gíga sílẹ̀, kó wọn ìbọn. Ẹ fi rúlà tín-ín-rín lé e. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 35, 1/32 ni. Tó bá jẹ́ 31.6, ọmọ ilé 1/35 ni. Tó bá lé ní 38, 60mm ni ẹ mú dání, ohun yòówù kí páálí wí. Nínú àwọn pínníṣín, 15.4 ni 1/72, 14.6 ni 1/76. Níbẹ̀ ẹ óò nílò kálípà, torí ojú lásán á ṣì yín lọ́nà.

Ìbọn náà lè purọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń purọ́. Ike yíyọ́ kì í fẹ́ gba inú ihò tóóró kọjá. Á ti gan kó tó dé ìpẹ̀kun. Ẹnu ìbọn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì láyé yẹ kó jẹ́ mìlímítà 0.28 ní 1/72. Kò sí ọmọdé tí yóò fọwọ́ kan èyí tí kò ní kán. Nítorí náà wọ́n máa ń sọ ìbọn di kíki. Ẹ má wo kíki rẹ̀, gígùn rẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wọn ìbọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú páálí kan, torí àwọn kan máa ń gé e kúrú kí ó má bàa ṣẹ́.

Tí ẹ bá ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín, títò wọ́n pọ̀ kò le mọ́. Àwọn 1/30 ni kí ẹ tò sí iwájú, 1/32 sáàárín, 1/35 sẹ́yìn pátápátá. Ojú ẹni tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì á gbà pé jíjìnnà ló sọ wọ́n di kékeré. Ẹ má to ìwọ̀n méjì sí ìlà kan náà, pàápàá tí wọ́n bá gbé irú ìbọn kan. Ẹlẹ́ṣin ni kí ẹ fi ya àwọn ìlà náà sọ́tọ̀, torí ẹṣin gidi yàtọ̀ síra ju ènìyàn lọ, kò sì sí ẹni tó máa fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Lónìí, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ère jáde nínú ilé rẹ̀ lè gba àwòrán ṣọ́jà 1/32, kó ní kí kọ̀ǹpútà fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, 1/30 á sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó dín in kù sí 1/72, ìbọn á jáde bí irun, á sì ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó ya àwòrán náà á tún padà sídìí kọ̀ǹpútà, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìbọn náà di kíki, bí àwọn tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù fún Airfix ṣe ń ṣe ní 1959.